Ọkọ̀ gbá mi lẹ́yìn, a ti túká, ọrùn wá ń dùn mí: ṣé ó ti pẹ́ jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo dúró níbi iná tiráfíìkì ni ọkọ̀ kan bá sáré wá gbá mi lẹ́yìn. Kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ọkùnrin tó wà á bọ́ sílẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, ó ní òun lòun jẹ̀bi, ká má wulẹ̀ pe ọlọ́pàá, òun á san owó bọ́ńpà. Èmi náà wò ó pé kò sóhun tó ṣe mí. A gba nọ́ńbà fóònù ara wa, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Láti àná ni ọrùn mi ti gan, orí sì ń fọ́ mi. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní bọ́ńpà lòun mọ̀, òun ò mọ ọrùn. Ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi? Kí ló sì yẹ kí n ti ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin yẹn àti bọ́ńpà rẹ̀ sílẹ̀ ná, ọrùn yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ lọ rí dókítà lónìí. Òní ni mo wí, ẹ má fi dọ̀la. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ kedere pé ọkọ̀ ló gbá yín lẹ́yìn, ẹ dá ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọrùn yín rèé. Nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀yìn gbá tiyín, ìjókòó ti ẹ̀yìn yín síwájú lójijì, ṣùgbọ́n orí kò tíì mọ̀ pé ara ti ń lọ, ó kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wá fò síwájú bí ìgbà tí wọ́n bá ju pàṣán. Gbogbo rẹ̀ kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Àwọn iṣan kéékèèké tó so egungun ọrùn pọ̀ ti nà kọjá bó ṣe yẹ. Àmọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn, àyà ń já, ara ti da adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì máa ń bo ìrora mọ́lẹ̀. Ibi tó fara pa gan-an kò tíì wú. Ó lè tó wákàtí 24, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó wú, kó tó gan. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gba ẹni tó bá jáde nínú ọkọ̀ tó fọ́ gbọ́ tó bá ń pariwo pé kò sóhun tó ṣe òun. Kò purọ́ o. Ara rẹ̀ ni kò tíì sọ fún un.

Ọ̀pọ̀ ọrùn bẹ́ẹ̀ ló máa ń rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan, bí èèyàn bá ń rọra yí i dípò kó gbé e sójú kan. Orí fífọ́ yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Bó bá ń le sí i, tí ẹ bá ń bì léraléra, tí oorun ń gbé yín débi pé ó ṣòro láti jí yín, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu yín, tí ọmọlójú kan fẹ̀ ju ìkejì lọ, tí apá tàbí ẹsẹ̀ ń kú mọ́ yín lára, tàbí tí omi tó mọ́ gaara ń jáde ní imú tàbí etí, ẹ má dúró de àkókò tí dókítà dá fún yín. Ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí wọ́n gbé yín lọ tààrà. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ dúró de àmì kankan tí orí rẹ̀ bá ti gbá nǹkan. Títí dókítà á fi rí yín, paracetamol ni kí ẹ lò fún ìrora. Ẹ yẹra fún aspirin àti ibuprofen, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sun níbì kan nínú orí, wọ́n lè dá kún un.

Ẹ tún wo ikùn yín nínú dígí. Bí ibi tí bẹ́líìtì gbà bá ní àpá tó tẹ́ bí ọ̀já, tí ikùn ń le tàbí tó ń wú, tàbí tí èjìká òsì ń dùn yín láìjẹ́ pé nǹkan gbá a, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ egungun ìhà òsì tó kún fún ẹ̀jẹ̀. Bó bá ya, inú ikùn lẹ̀jẹ̀ á máa dà sí, èjìká ni ìrora á sì ti máa jáde. Aláboyún ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé jàǹbá náà kéré rárá, nítorí ibi ọmọ lè ṣí kúrò lára ilé ọmọ láìsí egbò kankan lóde.

Ṣé ó ti pẹ́ jù? Rárá. Ó kàn ti pẹ́ díẹ̀ ni.

Kí oorun tó gbé yín lónìí, ẹ mú bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rántí: àwọ̀ iná, bí ẹ ṣe pẹ́ tó lórí ìdúró, bóyá ọ̀nà gbẹ tàbí ó tutù, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹni tó jókòó tì í, ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń wòran. Ẹ ya oríta náà sórí ìwé, kódà bí ọwọ́ yín kò bá mọ àwòrán yà. Ẹ kọ déètì sí i. Ìrántí èèyàn máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ohun tí àwọn ará ilé sọ nípa ọ̀rọ̀ náà á ti dà pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ fojú yín rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà lórí fóònù, ẹ má tún pè é. Ẹ má bú u, ẹ má halẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nípa bí ọkọ̀ yín ṣe gbá tèmi lẹ́yìn níbi iná tiráfíìkì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ orúkọ yín ní kíkún, nọ́ńbà ọkọ̀ yín àti orúkọ iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì yín." Bó bá fèsì pé "Ṣebí mo ti ní mo máa san owó bọ́ńpà," ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun wà níbẹ̀, òun ló sì gbá yín. Ẹ tọ́jú èsì yẹn, ẹ má sì bá a jiyàn lórí ọrùn. Ẹni tó yẹ kó san owó ọrùn lè má jẹ́ òun gan-an, ó lè jẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀.

Ẹ padà sí oríta náà, tàbí kí ẹ rán ẹnì kan lọ, kí ó gbójú sókè. Bí kámẹ́rà bá wà lára ilé kankan tó kọjú sí ọ̀nà, kí ó bẹ àwọn onílé kí wọ́n bá yín tọ́jú ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló máa ń fi àwòrán tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí kò lè dúró de ìparí ọ̀sẹ̀.

Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí pẹ̀lú. Gbèdéke òfin yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí ìkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àpẹẹrẹ, awakọ̀ tí kò bá fún ẹni tó yẹ ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ níbi jàǹbá gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Kódà bí ọjọ́ ti lọ díẹ̀ níbi tí ẹ wà, ẹ ṣì lọ, ẹ sọ ìdí tó fi pẹ́: ọrùn kò tíì dùn yín lọ́jọ́ náà. Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Inṣọ́ránsì tiyín náà gbọ́dọ̀ gbọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù pé owó ọdọọdún á gbówó lórí, wọ́n á dákẹ́. Nígbà tó bá yá, ẹnì kejì á lọ sọ fún inṣọ́ránsì tirẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ rìn sẹ́yìn wá gbá òun, ìgbà yẹn ni tiyín á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ pé jàǹbá kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ọ̀rọ̀ ti parí, títí dókítà á fi sọ pé ara yín ti yá. Ẹni tó bá ti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kó tó padà wá sọ pé ọrùn ṣì ń dun òun.

Ní ti bọ́ńpà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn: ọdún 21 ni mo fi ń yẹ ọkọ̀ tó ní jàǹbá wò fún inṣọ́ránsì. Bọ́ńpà ayé òde òní, rọ́bà ni. Bí nǹkan bá gbá a, ó máa ń wọlé, ó sì máa ń yọ padà sípò bí bọ́ọ̀lù. Irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í padà. Obìnrin kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá nígbà kan, àpá tó wà lára bọ́ńpà ẹ̀yìn kò ju orí ìṣó lọ, ibi tí nọ́ọ̀tì nọ́ńbà ọkọ̀ kejì ti gún un. Ó ti gba owó ọ̀dà lọ́wọ́ ẹni tó gbá a, wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì inú búùtù sókè, mo gbé táyà sípíà kúrò: pánù ilẹ̀ búùtù ti ká jọ bí aṣọ tí wọn kò lọ̀. Nígbà tí a tú bọ́ńpà, irin ìdábùú ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú.

Ẹ yẹ tiyín náà wò báyìí. Ẹ ti búùtù pa, ẹ fi ìka tọ àlàfo tó wà láàárín ọmọrí búùtù àti ara ọkọ̀, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Bí ìka bá wọ ẹ̀gbẹ́ kan tí kò wọ ìkejì, ó ṣeé ṣe kí ara ọkọ̀ ti yí. Ẹ ya fótò rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí páńẹ́lì-bítà fọwọ́ kàn án títí ẹni tí inṣọ́ránsì rán máa fi wò ó. Bí iná ẹ̀yìn bá fọ́, ẹ má da gílóòbù inú rẹ̀ nù. Nínú gílóòbù onírin tín-ín-rín, bí iná bá ń tàn nígbà tí nǹkan gbá a, irin náà á ti rọ̀, á sì nà gbọọrọ. Bí iná kò bá tàn, ó máa ń ṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ní ẹ kò tan iná bíréèkì, gílóòbù yẹn lè dá a lóhùn. Iná LED kò ní irú ẹ̀rí yìí.

Ó wá ku ohun tó yẹ kí ẹ ti ṣe níbẹ̀. Ẹ dúró, ìyẹn dára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí orílẹ̀-èdè tí sísá kúrò níbi jàǹbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni tó ń jọ́mọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tan iná méjèèjì tó ń ṣẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá ṣì lè rìn tí ẹnikẹ́ni kò sì fara pa, ẹ ya fótò méjì mẹ́ta kíákíá, kí ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Jàǹbá kejì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ọkọ̀ tó sáré wá bá àwọn tó dúró tí wọ́n ń wo bọ́ńpà. Ẹ má dúró láàárín ọkọ̀ méjì láé. Bí ọkọ̀ kẹta bá gbá ti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á há síbẹ̀. Tíráńgù pupa tí àwọn awakọ̀ ń pè ní C-caution, ìlànà ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kó tó mítà 45 sẹ́yìn ọkọ̀, ìyẹn á tó ọgọ́ta ìṣísẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tiẹ̀ lọ gbé e kalẹ̀: kí gbogbo èèyàn kọjá sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí wọ́n dúró síbẹ̀.

Ẹnu ló kàn. Ẹyin lohùn, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Nínú èdè wa, "ẹ pẹ̀lẹ́" kì í ṣe gbígba ẹ̀bi. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ la ń kí bẹ́ẹ̀, tí a kò sì mọ òkúta tó fi kọ. Ẹ kí ẹnì kejì, ẹ béèrè bóyá ó fara pa. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ sọ ni "ẹ̀bi mi ni" tàbí "n kò rí yín", torí ẹ kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíkún: bóyá iná bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá wà láàárín àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ "I'm sorry" yín, nítorí ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bí ẹni tó gba ẹ̀bi. Ní Ontario lórílẹ̀-èdè Kánádà, wọ́n tiẹ̀ ṣòfin lọ́dún 2009 pé bíbẹ̀bẹ̀ kò túmọ̀ sí pé èèyàn jẹ̀bi. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì fẹ́ dìjà, ẹ wọ ọkọ̀ yín, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe ọlọ́pàá.

Ní ti fótò, àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni kí èèyàn ya ibi tó fọ́ nìkan. Ọkùnrin kan fi fótò 14 ránṣẹ́ sí mi, ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó fi iná tiráfíìkì tàbí ìlà ojú ọ̀nà hàn. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti wọlé. N kò mọ ta ló yẹ kó dúró fún ẹnì kejì. Bí kò bá sí ewu ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ rìn jìnnà, ẹ ya oríta pẹ̀lú ọkọ̀ méjèèjì nínú àwòrán kan ṣoṣo, láti igun mẹ́rin. Ẹ wá sún mọ́ ọn. Ẹ ya táyà iwájú ọkọ̀ méjèèjì, torí ibi tí táyà kọjú sí ló ń sọ ibi tí awakọ̀ ń yí sítíárìn sí. Ẹ ya ilẹ̀ náà: ẹrẹ̀ gbígbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ máa ń já bọ́ níbi tí wọ́n ti kọlu ara wọn gan-an, kí wọ́n tó fa ara wọn lọ síwájú. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà ọkọ̀, láísẹ́ǹsì àti ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹlẹ́rìí kan, ó kéré tán, kó tó bá tirẹ̀ lọ. Ní Yúróòpù, fọ́ọ̀mù kan wà tí awakọ̀ méjèèjì máa ń kọ papọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń béèrè, kò béèrè ta ló jẹ̀bi. Mo fẹ́ràn fọ́ọ̀mù yẹn púpọ̀.

Bí ẹnì kan bá fara pa gidi, gbogbo ọ̀rọ̀ fótò di ti ẹ̀yìn. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì: 112 ní Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn, 911 ní Amẹ́ríkà, 999 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ wà, torí fóònù lè já. Ẹ má wọ́ ẹni náà jáde àfi bí iná bá ń jó tàbí omi ń bò ó, nítorí egungun ẹ̀yìn tó ti sán lè ge okùn inú rẹ̀ bí wọ́n bá fà á. Ẹ má bọ́ akoto lórí ọlọ́kadà tó bá ń mí. Ẹ má fún un lómi mu. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló kàn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú jáde, ẹ ká aṣọ mọ́ ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, ẹ má ṣí i wò. Bí kò bá mí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù lórí ọkọ̀. Ìjókòó ọmọdé tó wà nínú rẹ̀, bí jàǹbá bá le, ẹ jù ú nù, kódà bó bá dán bíi tuntun. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọ̀nà ní Amẹ́ríkà gbà pé ẹ lè máa lò ó nìṣó bí ohun márùn-ún yìí bá pé: ọkọ̀ ṣeé wà kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ìjókòó náà kò fọ́, ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ kò fara pa, báàgì afẹ́fẹ́ kò fò jáde, ìjókòó náà kò sì ní àpá. Ọrùn yín ti mú ọ̀kan kúrò nínú márùn-ún náà. Bí ọkọ̀ kejì tàbí tiyín bá jẹ́ oníná mànàmáná, ẹ má gbé e sínú gáréèjì tó lẹ̀ mọ́ ilé. Bátìrì ńlá tó fara gbá lè gbiná lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ tó láwọ̀ ọsàn. Bí jàǹbá náà bá le tó, kọ̀ǹpútà tó ń darí báàgì afẹ́fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun máa ń tọ́jú eré àti bíréèkì ìṣẹ́jú àáyá 5 tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ lè sọ fún inṣọ́ránsì yín kí wọ́n béèrè fún ti ọkọ̀ ọkùnrin náà.

Ẹ lè rí i pé àyà yín á máa já nígbàkígbà tí ẹ bá dúró níbi iná tiráfíìkì, tí ojú yín ò ní kúrò lára dígí ẹ̀yìn. Kò túmọ̀ sí pé ojo ni yín. Bó bá ju oṣù kan lọ, tàbí tí kò jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà, ìtọ́jú wà fún un.

Ẹ má fúnra yín wa ọkọ̀ lọ rí dókítà lónìí o. Ọrùn tó gan bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wà yín, kí ẹ sì ti kọ̀wé sí ọkùnrin náà kí ẹ tó débẹ̀.